Bí ipò púpọ̀ bá ní agbára kan náà: bí a ṣe ń ṣírò degeneracy láìṣìnà

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ péjọ sí Adó-Èkìtì, ẹ kú ìjókòó o. Ìlà kan péré ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí máa ń gbà nínú ìwé: degeneracy, ìyẹn ipò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí agbára wọn dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, á kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti máa ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ tó bá yá.

Ẹ wo Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Bí ẹni méjì bá ru omi tó wọ̀n bákan náà gun òkè náà, tí ọ̀kan gba apá kan, tí èkejì gba òdìkejì, tí wọ́n sì dúró ní gíga kan náà, agbára tó wà nípamọ́ nínú omi méjèèjì dọ́gba, bẹ́ẹ̀ wọn ò sí lójú kan náà. Bí ipò inú kúáńtọ̀mù ṣe rí nìyẹn: nọ́ńbà tí a fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀, agbára wọn kò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sínú àpótí tí òòró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1. Agbára rẹ̀ ni E = (h²/8mL²)(a² + b² + c²), níbi tí h ti jẹ́ nọ́ńbà Planck tí kì í yí padà, tí m jẹ́ ìwọ̀n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà, tí L jẹ́ gígùn ẹ̀gbẹ́ àpótí, tí a, b àti c sì jẹ́ odidi nọ́ńbà láti 1 sókè. Fún àpótí yìí, h²/8mL² jẹ́ 0.376 eV (eV ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára nǹkan tó kéré báyìí). Ipò (1,1,1) ló kéré jù, 1.13 eV, òun nìkan ló sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni (2,1,1), (1,2,1) àti (1,1,2): àròpọ̀ kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 6, agbára wọn 2.26 eV. Ní àròpọ̀ 14, a lè to 1, 2 àti 3 ní ọ̀nà 6, nítorí náà ipò 6 ló wà níbẹ̀.

Símẹ́tírì ló fà á. Bí ẹ bá fi òòró àpótí náà ṣe gíga, kò sí ohun tó yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ na gíga rẹ̀ ní ìdá 5 nínú 100, ẹ óò rí i pé (1,1,2) já wálẹ̀ sí 2.116 eV, tí (2,1,1) àti (1,2,1) ṣì jọ wà ní 2.221 eV. Òòró àti ìbú ṣì dọ́gba, ìyẹn ló so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: kì í ṣe gbogbo ìdọ́gba ni símẹ́tírì yìí ń ṣàlàyé. Ipò (3,3,3) fún wa ní 27, (5,1,1) náà fún wa ní 27. Kò sí bí ẹ ṣe lè yí àpótí náà tí ọ̀kan á fi di èkejì. Ìṣirò lásán ló pa wọ́n pọ̀, ipò 4 ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tó kàn ń to nọ́ńbà (5,1,1) láìwo àròpọ̀ á kọ 3.

Ti háídírójìn jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára rẹ̀ jẹ́ −13.6/n² eV, níbi tí n ti jẹ́ nọ́ńbà ìpele láti 1 sókè; ipò n² ló sì wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, 2n² bí a bá ka spin mọ́ ọn, ìyẹn àbùdá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ní ọ̀nà méjì. Pé átọ́ọ̀mù náà rí bákan náà láti ìhà gbogbo ló jẹ́ kí àwọn ipò 2p mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba (2 ni n; s àti p ń sọ irú ìrísí ipò náà). Kò sọ ìdí tí 2s fi bá wọn dọ́gba. Ìyẹn wá láti inú bí ipá tó ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń dínkù bí 1/r², níbi tí r ti jẹ́ jíjìnnà sí núkílíọ́ọ̀sì. Pauli lo àbùdá yìí ní 1926 láti ṣírò gbogbo ìpele háídírójìn, Fock sì fi hàn ní 1935 pé símẹ́tírì ìyípo nínú ààyè tó ní ìhà (dimension) 4 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lè fi ojú ara yín rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ipá náà kò bá rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú sódíọ̀mù, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 10 tó wà nínú ń bo núkílíọ́ọ̀sì mọ́ èyí tó wà lóde, nítorí náà 3s àti 3p fi 2.1 eV jìnnà síra. Ẹ wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sínú iná gáàsì: àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó yọ, ìmọ́lẹ̀ nánómítà 589, àlàfo yẹn ni.

Wàyí o, ibi tí ìṣirò ti ń bàjẹ́. Nínú perturbation theory, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń ṣírò bí ipá kékeré kan ṣe ń yí agbára ipò padà, a máa ń fi ìyàtọ̀ agbára ipò méjì pín. Bí agbára wọn bá dọ́gba, òdo la fi pín nìyẹn. Ẹ mú ìpele n = 2 háídírójìn, kí ẹ fi pápá iná mànàmáná F sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣírò ìyípadà ipò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, á rí òdo fún gbogbo wọn, á sì kọ pé pápá náà kò ṣe nǹkan kan nínú ìṣirò àkọ́kọ́ (first order). Irọ́ ni.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ kó ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, 2s, 2p₀, 2p₊₁ àti 2p₋₁, kí ẹ fi wọ́n kọ mátíríìsì 4 × 4 fún pápá náà nìkan. Pápá tó dojú kọ z kì í yí m padà (m níbí ni nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ p, òdo ni fún 2s; kì í ṣe ìwọ̀n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́), torí náà 2s àti 2p₀ nìkan ló so mọ́ra, pẹ̀lú ìwọ̀n 3ea₀F, níbi tí e ti jẹ́ iná ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, tí a₀ sì jẹ́ ìwọ̀n Bohr fún átọ́ọ̀mù háídírójìn. Ibi yòókù òdo ni. Ẹ wá eigenvalue rẹ̀, ìyẹn àwọn ìyípadà agbára tí mátíríìsì náà fún wa: +3ea₀F, −3ea₀F, àti òdo lẹ́ẹ̀mejì. Ìpele kan ti di mẹ́ta. Ìdajì-ìdajì 2s àti 2p₀ ni àwọn ipò tó tọ́, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti ibí yìí lọ, kò sí pé à ń fi òdo pín láàrin àwọn tó ti yà síra.

Ẹ ṣírò iye rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Bí F bá jẹ́ 10⁷ V/m, 3ea₀F jẹ́ nǹkan bí 1.6 × 10⁻³ eV. Ìyapa kéékèèké tó ti wà nínú ìpele náà tẹ́lẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ méjì tí spin pín 2p sí jẹ́ nǹkan bí 4.5 × 10⁻⁵ eV, a lè gbójú fò ó. Ní 10⁴ V/m, pápá náà kò fún wa ju 1.6 × 10⁻⁶ eV lọ. Kò tó ìyapa 2p yẹn, kò sì tó 4.4 × 10⁻⁶ eV tí Lamb àti Retherford, àwọn onífísíìsì méjì, rí láàrin 2s àti 2p ní 1947. Níbẹ̀, ẹ ò lè ka ìpele náà sí ọ̀kan mọ́.

Kọ̀ǹpútà náà ní tirẹ̀. Bí ipò bá dọ́gba, ó lè pò wọ́n mọ́ra bó ṣe wù ú, kọ̀ǹpútà méjì sì lè fún yín ní eigenvector (àwọn ipò tó bá eigenvalue mu) tó yàtọ̀ pátápátá. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ má fi ọ̀kan wé ọ̀kan, gbogbo ẹgbẹ́ náà ni kí ẹ fi wéra. Èyí tó léwu ni pé kọ̀ǹpútà kì í sábà rí òdo gan-an. Á rí ìyàtọ̀ bí 10⁻¹⁵, á fi pín, á sì gbé nọ́ńbà ràgàjì jáde láìkìlọ̀. Ẹ fi òté sí i: agbára méjì tí ìyàtọ̀ wọn kò tó òté náà, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n, kí ẹ kọ mátíríìsì fún wọn. Bí ẹ bá sì mọ òṣùwọ̀n mìíràn tí a lè mọ̀ pọ̀ mọ́ agbára náà lẹ́ẹ̀kan náà, irú bí m tàbí spin, ẹ fi ya wọ́n sọ́tọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.