Láti Àjàṣẹ́ sí Busua: ìrìn ọjọ́ mẹ́fà fún tọkọtaya

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń wá etíkun tí ara ti ń balẹ̀, tí ẹ tún fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pátákó gun ìgbì, Busua ni mo máa ní kí ẹ lọ. Ìlú àwọn Ahanta ni, ní ìwọ̀-oòrùn Gánà, ìlú apẹja.

Ọ̀nà jìn. Láti Àjàṣẹ́ dé ibẹ̀ tó 600 kìlómítà, ẹnubodè méjì ló sì wà láàárín: Hillacondji, kí ẹ tó wọ Tógò, àti Aflao, kí ẹ tó wọ Gánà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ sun Accra lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọkọ̀ dé Takoradi, kí ẹ gba Agona Nkwanta já sí Busua. Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, òkun nìkan ló ni ín; ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà, ìpadàbọ̀ ló ni ín. Ẹ má fi ìlú mìíràn há a láàárín rárá: àárẹ̀ ọ̀nà ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.

Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kò nílò físà láti wọ Gánà, nítorí àdéhùn CEDEAO fún wa ní 90 ọjọ́. Àmọ́ ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Sẹ́fà ò ní ná mọ́ lẹ́yìn Aflao, sídì ni wọ́n ń ná. Ẹ sì fi aago yín sẹ́yìn ní wákàtí kan bí ẹ bá ti wọ Tógò.

Ìgbà wo ló dára? Láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án, ìjì tó ń jà ní gúúsù Àtìláńtíìkì máa ń ti ìgbì ńlá wá. Ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn nìyẹn. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ lọ láàárín oṣù kejìlá sí ìkejì: ìgbì á kéré, òjò ò ní pọ̀. Iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ omi ní Busua, bí ẹ bá ṣubú, kò ní pa yín lára púpọ̀.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àwa ará Àjàṣẹ́ mọ ọ̀sà, ṣùgbọ́n ọ̀sà kì í fa ènìyàn bí òkun. Bí ẹ bá rí ibi tí omi ti pa rọ́rọ́, tó ṣókùnkùn, láàárín ibi méjì tí ìgbì ti ń hó, ibẹ̀ lomi ti ń wọ́ ènìyàn lọ sí agbami. Bó bá gbé yín, ẹ má bá a jà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, kí etíkun wà lọ́wọ́ kan yín, títí ẹ ó fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ẹ tó dorí kọ ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀, omi kò gbọdọ̀ kọjá ìbàdí rẹ̀. Kí olùkọ́ wà nítòsí, kí ẹnì kan nínú yín sì máa ṣọ́ ẹnì kejì.

Bí apá bá ti ń ro yín, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Butre. Lórí òkè níbẹ̀ ni Fort Batenstein wà, tí àwọn ará Hóláǹdì kọ́ ní 1656. Ẹ ra kẹ́nkí, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì, àti ẹja yíyan dání, kí ẹ jókòó jẹ ẹ́ lókè yẹn.