Christian Okoye àti Sáà Mẹ́fà Rẹ̀ Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin olólùfẹ́ eré ìdárayá, mo kí yín. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni Christian Okoye, ọmọ bíbí ìlú Enugu, tó gba bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs láti ọdún 1987 títí di 1992. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó tóbi, ó sì lágbára. Òótọ́ ni. Ó wúwo tó kílógíráàmù 118, síbẹ̀ eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó bá fi ìtóbi nìkan ṣàlàyé ọkùnrin yìí ti fi iyì iṣẹ́ rẹ̀ dù ú, nítorí pé eré tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe láti kékeré ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ nígbà tó ti dàgbà tán.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1961 ni wọ́n bí i, nítorí náà, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló ń gbá ní kékeré, ẹ̀yìn ìgbà náà ló wá hàn pé jíju discus, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tó wúwo, gan-an ló mọ̀ ọ́n ṣe. Discus yìí ló gbé e lọ sí Azusa Pacific ní ọdún 1982, ìyẹn yunifásítì kékeré kan tí í ṣe ti àwọn Kristẹni, nítòsí Los Angeles, níbi tí Innocent Egbunike, ọ̀kan lára àwọn sáré-sáré tó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ fún Nàìjíríà ní 1984, náà ti kẹ́kọ̀ọ́. Okoye gba ipò kìíní lọ́pọ̀ ìgbà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ìdíje Òlíḿpíìkì wá dé Los Angeles ní ọdún 1984 yẹn, tí kò jìnnà rárá sí ibi tó ń gbé, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ikọ̀ Nàìjíríà. Ó dùn ún wọra. Lẹ́yìn èyí ló gbà láti gbìyànjú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, eré tó kọ́kọ́ wò tí kò sì wù ú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà.

Fún àwọn tí kò bá mọ eré náà, ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì mẹ́wàá, bí wọn kò bá sì rí i ṣe, ẹgbẹ́ kejì ló máa gbà á. Running back ni ẹni tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ pé kó gbé e sáré gba àárín àwọn géńdé tó síngbọnlẹ̀ kọjá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á la àlàfo fún un, àlàfo náà sì lè dí kí ojú tó ṣẹ́. Ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré ti mọ ìgbà tó yẹ kó rọra dúró àti ìgbà tó yẹ kó já wọlé, kò tún ní láti rò ó. Okoye ní láti kọ́ gbogbo rẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń kọ́ èdè àjèjì. Mo gbà pé discus ràn án lọ́wọ́, torí ẹni tó ń jù ú gbọ́dọ̀ yí gbirigbiri nínú òbírí kékeré láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun yẹ̀.

Ní ọdún 1987, Chiefs mú un ní ìpele kejì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, òun ni ẹni karùndínlógójì tí wọ́n mú. Yáàdì 660 ló sá ní sáà àkọ́kọ́, 473 ní sáà kejì.

Sáà 1989 ló yàtọ̀. Marty Schottenheimer dé gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì ń gbé bọ́ọ̀lù lé Okoye lọ́wọ́ láìsinmi. Ìgbà 370 ló gbé e sáré ní sáà kan ṣoṣo, tó sì fi kó yáàdì 1,480 jọ, èyí tó jẹ́ yáàdì mẹ́rin péré ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo iye yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá gbé bọ́ọ̀lù ni ẹnìkan tàbí ènìyàn mẹ́ta máa so mọ́ ọn, tí wọ́n á sì jọ wólẹ̀, kó tó dìde gba òmíràn. Òun ló ṣe ipò kìíní nínú gbogbo NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù lọ, àmọ́ yáàdì mẹ́wàá péré ló fi ju Barry Sanders ti Detroit lọ. Ní ọjọ́ ìkẹyìn sáà náà, wọ́n ní kí Sanders padà wọlé kó lè gba ipò náà, ó sì kọ̀, torí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ borí. Ìwà ọmọlúàbí ni mo ka èyí sí, kò sì dín iṣẹ́ Okoye kù.

Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, Nigerian Nightmare (Àlá Burúkú Ọmọ Nàìjíríà), ti wá kárí Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ara kì í ṣe irin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1990, ní Denver, Steve Atwater, agbábọ́ọ̀lù tó ń dènà fún ẹgbẹ́ Denver, tó fi nǹkan bí ogún kílógíráàmù fúyẹ́ jù ú lọ, pàdé rẹ̀ lójúkojú, ó sì dá a dúró gbọnin. Àwọn ará Denver ṣì ń wo àwòrán rẹ̀ títí dòní. Yáàdì Okoye wálẹ̀ sí 805 lọ́dún náà, ó gòkè sí 1,031 ní 1991, ó sì já sí 448 ní 1992, orúnkún rẹ̀ kò sì gbà mọ́. Èrò mi ni pé ìgbà 370 ti pọ̀ jù fún ara ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó tóbi tó.

Ó fẹ̀yìntì ní 1993 pẹ̀lú yáàdì 4,897, iye tí agbábọ́ọ̀lù Chiefs kankan kò tíì kó jọ rí ṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn akọni wọn ní ọdún 2000. Lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ Nàìjíríà pọ̀ sí i nínú líìgì náà, títí kan Adewale Ogunleye, tí wọ́n bí sí Brooklyn, ẹni tó da àwọn quarterback, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù tó ń darí eré, ti ẹgbẹ́ alátakò wólẹ̀ nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Miami ní 2003. Ní ti Chiefs fúnra wọn, ọdún 2001 ni Priest Holmes tó tún gba ipò kìíní tí Okoye gbà ní 1989.