Ta Ló Tún Rí I? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìyàwó inú Gaslight

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn fẹ́ràn àtimáa wò ó náà lè jókòó tì wá. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí eré tó ń já ènìyàn láyà láìsí iwin, láìsí àjẹ́: ìyàwó ọ̀ṣìngín wọlé ọkọ, kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ bóyá orí òun ṣì pé.

Irú wọn lọ súà, ṣùgbọ́n Gaslight ni mo fẹ́ tú palẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ń wò ṣe. Patrick Hamilton, ará Ìlú Ọba, ló kọ ọ́ fún orí ìtàgé ní 1938. Nígbà tó dé New York ní 1941, wọ́n pè é ní Angel Street, ó sì lò tó ọdún 3 níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe fíìmù ní 1940. MGM, ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n ṣe tiwọn ní 1944; George Cukor ló darí ẹ̀, Ingrid Bergman ṣe ìyàwó, ó sì gba Oscar nídìí ẹ̀. Ìtàn sọ pé MGM tún fẹ́ kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà fíìmù ti 1940 jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má rí i mọ́. Ẹ gbọ́ ná, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré nípa ọkùnrin tó ń gbé nǹkan pamọ́, tó sì ń ní kò síbẹ̀ rí!

Lórí ìtàgé, ìyà ti ń jẹ ìyàwó kí aṣọ ìtàgé tó ṣí. Fíìmù 1944 mú wa bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìfẹ́, ibẹ̀ ló sì ti dára jù lójú tèmi. Paula, ìyàwó inú eré náà, kò ní ìyá, kò ní bàbá. Àǹtí rẹ̀, olórin ńlá kan, ló tọ́ ọ dàgbà, wọ́n sì pa àǹtí náà sínú ilé wọn ní London. Wọ́n mú ọmọ lọ sí Ítálì kó lọ kọ́ orin. Ibẹ̀ ló ti pàdé Gregory tó ń tẹ dùùrù. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọkùnrin ní àfi ìgbéyàwó. Paula ní kó jẹ́ kí òun lọ dá wà díẹ̀ kí òun rò ó. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etí adágún Como. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, ọwọ́ kan na wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú: Gregory ti gba iwájú débẹ̀. Inú Paula dùn. Èmi tí mò ń wò ó ń pariwo pé kó sá.

Ilé àǹtí di ogún Paula, ibẹ̀ náà ni ọkọ ní kí wọ́n máa gbé. Ó kó ẹrù olóògbé sí àjà, ó ní kí wọ́n kàn án pa.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Gregory fún un ní ohun ọ̀ṣọ́ àyà kan, ó ní ti ìyá òun ni. Ó fi sínú báàgì Paula lójú rẹ̀, ó wá ní kí Paula ṣọ́ra o, torí ó máa ń sọ nǹkan nù. Ó ya Paula lẹ́nu, kò mọ̀ pé òun nírú ìwà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀ṣẹ̀ tó dé. Nígbà tí wọ́n dé Tower of London, tó fọwọ́ wá inú báàgì tí kò bá nǹkan kan, kò bi ara rẹ̀ pé ta ló mú un. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé òótọ́ lọkọ òun sọ. Àwòrán tó kúrò lára ògiri àti aago ọkọ tí wọ́n bá nínú báàgì rẹ̀ lóde àwọn ọlọ́lá, àsọtúnsọ ni wọ́n.

Iná wá ńkọ́? Gáàsì ni wọ́n ń tàn nílé nígbà náà, páìpù kan náà ló sì ń bọ́ gbogbo àtùpà. Bí ẹnìkan bá tan òmíràn níbòmíì nínú ilé, ti yàrá rẹ á rọlẹ̀. Alaalẹ́ ni Gregory ń jáde pé òun ń lọ síbi iṣẹ́. Kò pẹ́, iná Paula á rọlẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa rìn lókè àjà. Ó ti gba ilé òfìfo kan gun òrùlé padà wọ àjà ni, ó ń tú ẹrù àǹtí, ó ń wá òkúta iyebíye tó torí ẹ̀ pa á. Inú eré yìí ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà "gaslighting", ìyẹn kí ènìyàn máa parọ́ fún ẹlòmíì títí onítọ̀hún á fi máa rò pé orí òun ò pé mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń pariwo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rò pé ó ń dín iná kù láti fi dẹ́rù ba ìyàwó ni. Rárá o. Iná kò sí nínú ètò rẹ̀. Iná ló tú u fó.

Ṣùgbọ́n ta ló bá Paula rí i? Etí Elizabeth tó ń gbọ́únjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́. Nancy ọmọ ọ̀dọ̀, ojú ọ̀gá rẹ̀ ọkùnrin ló ń wò, kò ka ìyàwó sí. Bí àlejò bá fẹ́ wọlé, ọkọ á ní ara ìyàwó òun ò yá. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ má wulẹ̀ jókòó ka irọ́ tí Gregory pa. Ẹ ka ẹlẹ́rìí tó mú kúrò.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Cameron, ọlọ́pàá Scotland Yard, wọlé nígbà tí ọkọ kò sí, ó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé iná rọlẹ̀. Paula rí ìtura. Ọkọ dé, ó bi Elizabeth léèrè ẹni tó wá. Ìyá náà fẹ́ dáàbò bo ìyàwó, ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni. Paula gbọ́, ó gbà pé àlá ni òun lá. Àánú ni Elizabeth ṣe, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ohun tí Gregory ti ń ṣe bọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Cameron fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí. Ó rọrùn jù kí àjèjì kan ṣèèṣì kọjá kó wá gbani. Ohun tó san án padà ni ìgbà tí wọ́n de Gregory mọ́ àga, tó ń bẹ ìyàwó kó fi ọ̀bẹ gé okùn. Paula ní wèrè mà ni òun, báwo ni wèrè ṣe máa ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́?

Lónìí, òfin ti dá sí i. Ní England àti Wales, abala 76 nínú Serious Crime Act ti 2015 lè fi irú ọkọ bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n tó ọdún 5. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà ṣe òfin VAPP, òfin tó lòdì sí híhu ìwà ipá sí ènìyàn, tó ka ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọkàn mọ́ ìwà ipá.

Ẹnìkan bi mí bóyá eré yìí lè dúró nínú agboolé Yorùbá. Á nira. Ìyálé wà, àwọn ọmọ ń sáré kiri, ẹsẹ̀ ò lè máa rìn lókè lóru kí ìyá àgbà kan má ké pé "Ta nìyẹn?" Ṣùgbọ́n bí ìyá ọkọ àti àwọn àbúrò ọkọ bá fẹnu kò pé ìyàwó ló gbé owó tó sọnù, ẹlẹ́rìí rẹpẹtẹ nìyẹn, ti ọkọ ni gbogbo wọn. Fúláàtì kan ní Peckham, ní London, ni màá gbé tèmi sí: ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, físà rẹ̀ ń bẹ lábẹ́ ti ọkọ, ọjọ́ Sunday nìkan làwọn ará ilé ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ọkọ á sì jókòó tì í. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ á máa gbé nísàlẹ̀, ìyá ará Jàmáíkà kan, n kò sì ní jẹ́ kó kanlẹ̀kùn títí eré á fi dé ìdajì.