Kí ni ọjọ́ mẹ́ta ń ṣe nínú gàrí?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ìyá ọlọ́jà sọ ní Iléṣà nìyí. Mo tún un tò fún kíkà, ṣùgbọ́n mi ò yọ ìjà inú rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń jiyàn lórí ẹ̀rọ, lórí sáyẹ́ǹsì àti lórí iṣẹ́ ọwọ́ ojoojúmọ́. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gbà á, nítorí ó ti pẹ́ tí bí a ṣe ń jiyàn ti ń dùn mí.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan á ní, "Àwọn ìyá wa ò lo ẹ̀rọ, wọ́n sì pẹ́ láyé." Ẹlòmíràn á fún un lésì pé, "Ayé ti lajú, ẹ gbàgbé ìyẹn." Apá kan gbé ìyá rẹ̀ kalẹ̀, apá kejì gbé òyìnbó kalẹ̀, wọ́n á sì pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí, ibẹ̀ náà ni n ó máa padà sí: ìgbésẹ̀ yìí tí o dì mú, tàbí tí o fẹ́ gé kúrò, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kò tíì tó o gé. Kò sì tíì tó o bá ẹni tó gé e jà.

Ẹ rántí ọdún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ìròyìn dé pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Àwọn ọ̀mọ̀wé wà nínú àwọn tó ń jí ará ilé wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lẹ́yìn náà pé ó kéré tán ènìyàn méjì ló kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ká ní ẹnì kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan ti béèrè lóru yẹn pé, "Kí ni iyọ̀ yìí fẹ́ lọ ṣe fún kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀?", ọ̀pọ̀ ìbá padà sórí ibùsùn.

Pákí ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ gan-an. Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ló ni iyán, ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ni kò ní gàrí nílé?

Iyàn tó wà nílẹ̀ ni pé, ọjọ́ mélòó ló yẹ kí pákí tí a rin lò nínú àpò kí a tó yan án? Àwọn àgbà ní ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé kíkan ló ń pa oró. Àwọn tó ní jáàkì ní ọjọ́ kan ti tó: wọ́n á rin ín láàárọ̀, wọ́n á fún un, wọ́n á yan án nírọ̀lẹ́. Àwọn àgbà ń pe àwọn ọ̀dọ́ ní apànìyàn, àwọn ọ̀dọ́ náà ń pe àwọn àgbà ní aláìlajú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ rèé. Ohun kan wà nínú pákí tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń pè ní linamarin. Oró kan tó ń jẹ́ sáyánáídì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà ní dídè mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Nínú pákí kan náà, ẹ́ńsáìmù kan wà tó lè tú u sílẹ̀, linamarase ni wọ́n ń pè é. Bí pákí bá wà ní odidi, àwọn méjèèjì kì í fojú kanra: ọ̀kan wà nínú àpò omi tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tó para pọ̀ di ara pákí, èkejì wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì náà. Ìgbà tí ewúrẹ́ bá rún un lẹ́nu, tàbí tí ẹ̀rọ bá rin ín, ni ògiri wó, ni wọ́n bá pàdé, ni sáyánáídì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Báyìí ni pákí ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò àti ẹran. Ẹ̀yin tí ewúrẹ́ yín ti kú nídìí èèpo pákí rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ wá fetí sí èyí. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí bí oró ṣe ń kúrò nínú gàrí. Wọ́n rí i pé láàrin wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn rírin, ó kéré tán ìdá 95 nínú 100 linamarin náà ti túká. Wákàtí mẹ́ta o! Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń mú un kan ò tíì ráyè ṣe nǹkan kan nígbà yẹn. Rírin ló ṣe é. Ohun tó kù lẹ́yìn títúká yẹn ni cyanohydrin, tí òun náà máa ń di gáàsì sáyánáídì. Gáàsì yìí kì í dúró: ìwọ̀n ooru 26 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń hó, oòrùn ọ̀sán Iléṣà sì ju ìyẹn lọ. Omi tí jáàkì fún jáde á gbé díẹ̀ lọ, ooru agbada á lé ìyókù. Ẹ jẹ́ kí n tún fi kan kún un tí àwọn àgbà ò ní fẹ́ gbọ́: bí pákí náà bá ṣe ń kan sí i ni cyanohydrin ṣe ń lọ́ra láti túká. Iná ló ń yanjú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fi gàrí sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tó wá yan án ní yíyan ojú ayé, kò ṣe ohun tó rò pé òun ṣe.

Kí wá ni ọjọ́ mẹ́ta ń ṣe nínú gàrí? Ó ń fún un ní adùn àti òórùn. Kíkan tí ẹni tó ń ra gàrí Ìjẹ̀bú ń wá kiri, inú ọjọ́ yẹn ló ti ń wá. Mi ò fojú kéré adùn. Àmọ́ adùn la ó máa pè é.

Níbi tí mo dé yìí, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n dúró ná, ó ku làfún.

A kì í rin làfún. A ń bó o, a ń gé e, a ń rẹ ẹ́ sínú omi. Ẹ̀rọ kankan ò fọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi ló ń mú ara pákí rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ògiri á fi wó tí ẹ́ńsáìmù á fi rí linamarin mú. Ọjọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe nínú gàrí. Gé ọjọ́ kúrò nínú gàrí tí a rin kúnná tí a sì yan jinná, adùn lo pàdánù. Gé ọjọ́ kúrò nínú làfún, oró ló kù fún ọmọ rẹ. Ẹni tó ń pariwo "ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta" àti ẹni tó ń pariwo "ọjọ́ kan ti tó", àwọn méjèèjì ń ka ọjọ́, wọn ò béèrè iṣẹ́ ọjọ́.

Ohun tí mò ń sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1981, ọ̀dá dá ní agbègbè Nampula ní Mozambique. Pákí kíkorò nìkan ló kù lóko, ebi ò sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn gan, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Konzo ni wọ́n ń pe àìsàn náà, dókítà kan tó ń jẹ́ Trolli sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Kóńgò láti ọdún 1938. Ẹsẹ̀ tó bá ti gan bẹ́ẹ̀ kì í padà sípò. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní Ẹ̀pẹ́ láàrin ọdún 1960 sí 1970 lórí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí ojú àti etí wọn ń lọ, ó sì so ó mọ́ oúnjẹ pákí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ. Àwọn mìíràn tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀, iyàn ò sì tíì tán lórí ti Ẹ̀pẹ́. Irú iyàn tí mo fẹ́ràn nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ìyẹ̀fun ni wọ́n ń wọ̀n, ẹnikẹ́ni ò gbé ìyá rẹ̀ kalẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan dá sí i pé epo pupa ńkọ́? Ṣé òun kọ́ ló ń pa oró gàrí? Mo ní epo pupa ń fún ọmọ ní fítámì A, èyí tó dára fún ojú. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ní irúgbìn pákí aláwọ̀ ìyeyè tó ní ohun tó ń di fítámì yẹn nínú. Ṣùgbọ́n ẹ má torí àwọ̀ gàrí yan án láìjinná.

Ẹ jẹ́ kí n kọjú sí àwọn kan díẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Àwọn tó ń sọ pé èdè wa ò lè gbé sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n sọ ibi tó ti já bọ́ lẹ́nu mi. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, ìrìn tí kò jìnnà síbí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, àwọn ọmọ náà sì tayọ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ gba èdè abínibí fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gé ìgbésẹ̀ kan kúrò, wọn ò sì bi Ifẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí báyìí, n ó sáré. Jẹnẹrétọ̀: ẹ ń jiyàn pé fèrèsé tẹ́ ẹ ṣí ti tó. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Èéfín carbon monoxide ò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Fèrèsé ò bá a dọ́gba. Ẹ gbé e síta, kó jìnnà sílé. Fóònù nílé epo: ẹ ní òun ló ń dá iná sílẹ̀. Ohun tí àwọn oníwàádìí ń tọ́ka sí lórí ọ̀pọ̀ iná tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí páǹpù ni iná kékeré tó ń ta láti ara aṣọ ènìyàn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ sì sọ kẹ́ẹ̀gì yín kalẹ̀ kí wọ́n tó rọ epo sí i, ẹ má rọ ọ́ nínú búùtù. Fóònù tó sùn sórí iná mọ́jú: ó ń dá ara rẹ̀ dúró bó bá kún. Ooru ni ọ̀tá bátìrì, nítorí náà ẹ yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀rọ AI tó ń báni kọ̀wé: bí lẹ́tà sí oníbàárà bá ni, ẹ lò ó. Bí àròkọ ọmọ iléèwé bá ni, ríronú ni àròkọ wà fún, ẹni tó bá gé ìyẹn ti gé gbogbo rẹ̀.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ẹ̀rọ ìṣirò nígbà tí ìyá kan dìde láàrin gbọ̀ngàn. Òun fúnra rẹ̀ ń yan gàrí, ó sì ń ṣe làfún tà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, mo gbọ́ yín. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa làfún, àwa tá à ń ṣe é mọ̀ pé kò yẹ ká gé e. Ṣùgbọ́n oníbàárà ń ra ti ọjọ́ kan àbọ̀ ní iye tó ń ra ti ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń gé e, ọjà rẹ̀ ń yá ju tèmi lọ. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Mo pa ìwé ọwọ́ mi dé. Mo ní, ìyá mi, ẹ ti sọ̀rọ̀. Ebi ló gé ọjọ́ kúrú ní Nampula, owó ló ń gé e níbí, mímọ̀ nìkan ò sì lè dá ìkankan nínú wọn dúró. Mo wá sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Bradbury, onímọ̀ ará Ọsirélíà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọ̀nà kan tí kò gba igi ìdáná. Wọ́n fi omi pò ìyẹ̀fun pákí, wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́lẹ́fẹ́ẹ́lẹ́ sórí ẹní, wákàtí méjì nínú oòrùn tàbí márùn-ún lábẹ́ òjìji, wọ́n sì ro ó lọ́jọ́ náà. Ẹ́ńsáìmù tó kù nínú ìyẹ̀fun yóò parí iṣẹ́ tí ọjọ́ ò parí. Wọ́n ti lò ó ní àwọn abúlé tí konzo wà ní Kóńgò. Ẹni tó ra làfún náà lè ṣe é nílé, kò ní náwó lé e.

Ó ní, "Ìyẹn ni tẹni tó rà á. Èmi tí mò ń tà á ńkọ́?"

Mo ní ẹnì kan ò lè dá a ṣe. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló dì í mú, ọjà rẹ̀ á kú. Kí àwọn obìnrin tó ń ṣe làfún ládùúgbò wọn jókòó, kí wọ́n fẹnu kò lórí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé, kí ìyálọ́jà sì kéde rẹ̀ fún àwọn tó ń rà. Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ọjọ́ mélòó ni kí àwọn pè é? Mo ní ọjọ́ mẹ́ta bí ojú ọjọ́ bá gbóná, mẹ́rin sí márùn-ún lákòókò ọyẹ́, àti pé kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́: èyí tó bá ṣì le láàrin ò tíì jinná. Ọ̀kan nínú wọn ní mẹ́ta ti pọ̀ jù, òmíràn ní kò pọ̀, iyàn bẹ̀rẹ̀. Mo fi gbohùngbohùn sílẹ̀ fún wọn.