Tábìlì Ṣáájú Pèpéle: Ọ̀gá Ẹgbẹ́ Sójà-fẹ̀yìntì ní Àpéjọ Alùpùpù Sturgis

Ẹ kú ìjókòó o. Bí ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ sójà-fẹ̀yìntì Amẹ́ríkà, bíi American Legion, bá lọ sí àpéjọ alùpùpù Sturgis, ìdí tábìlì fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ tó gbé e lọ wà, kò sí lórí pèpéle. Bó bá fi ìkíni àti àwòrán yíyà lo ọjọ́ náà tán, àwọn tó yẹ kó rí yóò ti gun alùpùpù wọn lọ.

Ìlú kékeré ni Sturgis ní ìpínlẹ̀ South Dakota. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju bí 7,000 lọ. Ọdún 1938 ni ẹgbẹ́ Jackpine Gypsies dá àpéjọ náà sílẹ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùndínlọ́gọ́rin ní 2015, wọ́n fojú bu èrò tó wá sí ohun tó lé ní 700,000. Sójà-fẹ̀yìntì pọ̀ nínú irú èrò bẹ́ẹ̀. American Legion pàápàá ní ẹgbẹ́ oníalùpùpù tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní Garden City, Michigan, ní 1993. Ilé ìwòsàn VA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó sójà-fẹ̀yìntì, wà ní Fort Meade lẹ́bàá ìlú, ibi ìsìnkú àwọn ológun, Black Hills National Cemetery, kò sì jìnnà. Ibẹ̀ ni kí ọ̀gá kọ́kọ́ yà ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú.

Bí ara rẹ̀ bá gbé e, kó gun alùpùpù dé. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ogójì ènìyàn tẹ̀ lé e. Márùn-ún sí méje tó fún ọ̀wọ́ kan. Ẹni tó mọ̀nà ni kó ṣíwájú, kí ẹni tó gbówọ́ dáadáa kẹ́yìn. Lójú ọ̀nà tó tọ́, kí wọ́n má tò gbọọrọ: ẹni kan lápá òsì, èyí tó tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún, kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì sì wà láàárín ẹni àti ẹni tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá dé àwọn kọ́nà Iron Mountain Road, kí wọ́n tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí kọ́nà máa ń gba gbogbo fífẹ̀ ojú ọ̀nà. Òfin South Dakota kò sọ akoto di dandan fún ẹni tó ti pé ọdún 18, àmọ́ ó ní kí gbogbo ẹni tó ń gùn ní ohun tí yóò dáàbò bo ojú. Kí ọ̀gá dé akoto rẹ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ ń wò ó.

Ẹ ṣọ́ sítáńdì. Oòrùn oṣù Kẹjọ máa ń mú ọ̀dà títì rọ̀, alùpùpù ńlá sì lè wúwo ju 300 kílò lọ. Ẹsẹ̀ sítáńdì á rọra máa rì, alùpùpù á fì, á wó lu èkejì, èkejì á wó lu ẹ̀kẹta. Pátákó pẹlẹbẹ kékeré lábẹ́ rẹ̀ ti tó.

Abẹ́ òjìji ni kí ẹ tẹ́ tábìlì sí, kó jìnnà sí orin àti ariwo ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó fẹ́ sọ pé òun kò rí oorun sùn láti ìgbà ogun kò ní pariwo rẹ̀. Kí aṣojú tí VA fọwọ́ sí láti bá sójà-fẹ̀yìntì béèrè owó gbà-má-bínú jókòó síbẹ̀, kí ọ̀gá máa mú ènìyàn wá bá a. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: “Ṣé ẹnìkan ti ń bá yín bójú tó o?” Bí ẹni náà bá ti ní aṣojú nílé, tó tún fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 21-22 tuntun, èyí tí wọ́n fi ń yan aṣojú, aṣojú ti tẹ́lẹ̀ ti bọ́ lọ nìyẹn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ onínúure ti ń ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́.

Bí kò bá tíì béèrè owó náà, fọ́ọ̀mù 21-0966 ni kó kọ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe òun ni ìbéèrè owó gbà-má-bínú gan-an. Ó kàn ń fi tó VA létí pé ìbéèrè ń bọ̀. Ọdún kan ló ní láti fi 21-526EZ, fọ́ọ̀mù ìbéèrè gan-an, ránṣẹ́. Bí VA bá gbà á, wọ́n lè ka owó náà láti ọjọ́ tí 21-0966 tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ẹni náà á rò pé ó ti parí, ọdún á yípo, àǹfààní á sì bọ́. Ẹ kọ ọjọ́ ìparí sórí káàdì, kó fi sápò.

Ẹ wá àwọn tó jagun ní Vietnam tí wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òfin PACT, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 10 oṣù Kẹjọ 2022, ti ka ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ àìsàn tí VA gbà pé Agent Orange, oògùn apakoríko tí wọ́n fọ́n nígbà ogun Vietnam, ló fà. Kí wọ́n fi hàn pé àwọn wà níbẹ̀, àti pé àìsàn náà ń ṣe wọ́n. Ẹni tí VA ti kọ̀ fún tẹ́lẹ̀ lè fi 20-0995, fọ́ọ̀mù àtúnbéèrè, padà wá. Ẹ sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tí òfin gbà láyè láti gba owó lọ́wọ́ wọn nítorí pé ó bá wọn kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ sí VA. DD-214, ìwé ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ni wọn yóò mú wá, ẹ̀dà ni o, kì í ṣe ojúlówó.

Bí ẹnìkan bá sì ní ayé ti sú òun, kí ọ̀gá bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Kó má fi í sílẹ̀. Kí wọ́n jọ tẹ 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń ro ikú, lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ 1, ti sójà-fẹ̀yìntì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá bá padà sí Indianapolis, níbi tí olú ilé American Legion wà, kí orúkọ àwọn tó gbà pé kí wọ́n pe àwọn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n pè wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mẹ́fà àti mẹ́wàá, títí 21-526EZ yóò fi lọ.