Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Wọ́n Ráhùn Díẹ̀, Wọ́n Dáwó Púpọ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, àsàlámù àláékúmù. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o. Kí Ọlọ́hun gba ìjọ́sìn wa.

Ọjọ́ Jímọ̀ bí irú èyí ni 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1923 bọ́ sí. Ọjọ́ náà làwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó lé ní ogójì kóra jọ l'Ékòó, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn náà ló wá di ti gbogbo Nàìjíríà lónìí.

Kí ló ká wọn lára? Lásìkò wọn, ọwọ́ àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé wà. Bàbá tó bá fẹ́ kọ́mọ òun mọ̀wé, ẹ̀rù á máa bà á kí ìwé má gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ. Lámídì á jáde nílé láàárọ̀, kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, Láwúrẹ́ńsì ni wọn yóò máa pè é nínú rẹ́jísítà. Ọ̀pọ̀ òbí bá kúkú fọmọ sí ilé-kéú nìkan. Kéú dára, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ìjọba dé, ẹni tó mọ̀wé òyìnbó ni wọ́n ń wá. Ìjọba amúnisìn ti ṣí ilé-ìwé kan fún ọmọ Mùsùlùmí l'Ékòó ní 1896, Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ kan, sì wà nídìí ètò náà. Ibo ni ilé-ìwé kan ṣoṣo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé?

Àwọn ọ̀dọ́ yìí ò lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Owó ni wọ́n ń dá. Ní 1931, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn àkọ́kọ́ dìde ní Alákorò, l'Ékòó. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ó lé lọ́dún méje! Ká ní àwa ni, oṣù kẹta la ó ti máa pariwo pé wọ́n ti kówó wa jẹ. (Ó yẹ ká béèrè owó o. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣírò owó fún ọmọ ẹgbẹ́, ara rẹ̀ ló ń pa. Àmọ́ kí ẹni tó ń béèrè náà ti dá tiẹ̀.) Lẹ́yìn Alákorò, iṣẹ́ ò dúró: wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀ l'Ọ́tà, wọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì n'Ísọlọ̀. Ọmọ Kìrìsìtẹ́nì jókòó níbẹ̀ kàwé, kò sẹ́ni tó yí orúkọ rẹ̀ padà. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn. Ó dùn wọ́n, wọn ò sì torí ẹ̀ káwọ́ lérí. Ní 2015, yunifásítì wọn, Summit University tó wà l'Ọ́fà, gbàwé àṣẹ.

Ansar ni wọ́n ń pe àwọn ará Mẹ̀dínà tó gba Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) lálejò, orúkọ wọn ni ẹgbẹ́ yìí ń jẹ́. Àwọn náà ni Sùúrà 59, áyà 9 yìn, pé wọ́n ń fi ẹlòmíràn ṣáájú ara wọn bí àìní tilẹ̀ ń bá wọn fínra. Sa'd ọmọ Rabi' wà lára wọn. Ó fi ìdajì dúkìá rẹ̀ lọ Abdur-Rahman ọmọ Awf tó ṣí wá láti Mẹ́kà. Ìyẹn ṣàdúà fún un, ó ní kí wọ́n ṣáà júwe ọ̀nà ọjà fóun, ló bá lọ ń ta wàrà àti bọ́tà títí ó fi dolówó. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo fẹ́ ká wò: ẹni tó ń fúnni kò háwọ́, ẹni tí wọ́n ń fún kò sọ ara rẹ̀ di alágbe. Ẹgbẹ́ tó bá ní irú èèyàn méjèèjì, kò lè parun.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ìpàdé ẹ̀ka tiwa. Akápò á ṣí ìwé, á máa ka orúkọ àwọn tó jẹ owó oṣù. Orí gbogbo wa á wà lórí fóònù. Ẹnì kan á kàn dárúkọ àńkò ọdún Iléyá, hà! Gbogbo ilé á gbóná: àwọ̀ wo, ọ̀pá mélòó, ta ló ń lọ ọjà? N ò bá àńkò jà, ó ń buyì kún ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó rówó ra léèsì tí kò rówó oṣù san, ẹ jọ̀ọ́, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó wá ṣe nínú ẹgbẹ́.

Ànábì sọ fún wa nínú hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá pé bí ọmọ Ádámọ̀ bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ dópin àfi mẹ́ta: sàráà tó ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní, àti ọmọ rere tó ń ṣàdúà fún un. Àwọn ọ̀dọ́ 1923 ti lọ. Tíṣà kan ṣì ń kọ́ ọmọ ní ABD lónìí ní ilé-ìwé tí ẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀, láádá wọn ò sì tíì dúró, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.

Tí ẹ bá ti kírun Jímọ̀ tán lónìí, ẹ wá akọ̀wé ẹ̀ka tó wà ládùúgbò yín rí, ẹ san gbèsè owó oṣù. Ẹ bi í léèrè bóyá ọmọ òrukàn kan wà tí kò tíì rówó WAEC san. Ẹni tí kò lówó ńkọ́? Tó bá jẹ́ tíṣà, kó gba kíláàsì ìṣirò ọjọ́ Sátidé. Tó bá jẹ́ bíríkìlà, ògiri ilé-kéú tó ti là yẹn, kó lọ bá wọn rẹ́ ẹ.