Ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti "ó": ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé mì nínú eré ìfẹ́ Ṣáínà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. N kò ní fi àsìkò yín ṣòfò lórí bóyá ó yẹ kí àgbàlagbà máa wo eré ìfẹ́ Ṣáínà. Àwọn tó ń pè é ní eré ọmọdé, wọn ò tíì jókòó tì í rí. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí ló ti wo Eternal Love tán, gbogbo apá 58, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Ṣáínà ní oṣù kìíní ọdún 2017. Ẹ mọ Bai Qian tí Yang Mi ṣe, ẹ sì mọ Ye Hua tí Mark Chao ṣe. Xianxia ni wọ́n ń pe irú eré bẹ́ẹ̀: àwọn ẹni àìkú, idà, oògùn, àti ìfẹ́ tó ń tẹ̀lé èèyàn láti ayé kan dé òmíràn.

Ìyá mi kì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ń wò ó nílé, èmi ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀, tí màá sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn. A dé ibi tí Zhe Yan, ẹni àìkú àgbà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé Bai Qian, ti mú Bai Qian lọ sórí òkè Kunlun pé kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mo Yuan, ọ̀gá tó ń kọ́ni níbẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di ọkùnrin lójú ayé, orúkọ rẹ̀ ti di Si Yin. Mo ń túmọ̀ lọ ní tèmi: "Ó ti dé o. Ó fẹ́ kọ́ṣẹ́." Ìyá mi fọwọ́ tọ́ mi léjìká: "Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣé wọ́n mọ̀ pé obìnrin ni?" Mo wo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. "He" ni Gẹ̀ẹ́sì kọ síbẹ̀, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti bi ara mi ní nǹkan kan. Ìyá mi tó gbọ́ "ó" lásán ni ìbéèrè náà sọ sí lọ́kàn.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí òun ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Lẹ́nu Ṣáínà, "ta" ni ọkùnrin, "ta" ni obìnrin, ohùn kan náà ni, bí "ó" tiwa ṣe rí gẹ́lẹ́. Zhe Yan tó mọ àṣírí ń pe Si Yin ní "ta". Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò mọ nǹkan kan náà ń pè é ní "ta". Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá báyìí, ó di dandan kó mú ọ̀kan: yálà kí Zhe Yan di òpùrọ́, tàbí kí àṣírí tú kó tó yẹ kó tú. Àwọn tó ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó tó láti fi túmọ̀ eré ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà kan rèé o, ẹ wá bá a jà.

Ẹ wo ìpè pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Kunlun kì í pe ara wọn lórúkọ lásán. "Shixiong" ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lẹ́nu ẹ̀kọ́, "shidi" ni àbúrò. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń kà, ọjọ́ tí kálukú wọlé ọ̀gá ni. Ta ló ku tí a ó ṣàlàyé ìyẹn fún nínú yàrá yìí? Lọ́dọ̀ télọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ẹ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyàwó tó wọlé lónìí ń fọ̀wọ̀ pe ọmọ tó bá nílé, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rá. Gẹ̀ẹ́sì kọ "senior" sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé inú ilé ẹ̀kọ́ rí mọ ohun tí "senior" ń mú wá sí yín lọ́kàn: omi pípọn àti ìkúnlẹ̀. (Wọ́n rẹ́rìn-ín.) Ìfẹ́ tó wà nínú "ẹ̀gbọ́n" kò sí níbẹ̀ rárá.

Ọjọ́ orí wọn náà nìyẹn. Bai Qian jẹ́ ẹni 140,000 ọdún, Ye Hua sì jẹ́ ẹni 50,000. Ṣáínà kì í fi ẹgbẹ̀rún ka irú iye bẹ́ẹ̀, "wan" ni wọ́n fi ń kà á, 10,000 kan. Àwa náà ní ọ̀kẹ́, 20,000. Ọ̀kẹ́ méje ni Bai Qian, ọ̀kẹ́ méjì àbọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ọ̀kẹ́ méje kún ẹnu, ó rí bí ọjọ́ orí ẹni àìkú.

Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ti nawọ́. Ó ń kọ́ èdè Ṣáínà. Ó ní, "Ẹ má bínú o, sà. Ṣáínà fúnra wọn ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ eré wọn, bí wọ́n sì ṣe ń kọ 'ta' ọkùnrin yàtọ̀ sí 'ta' obìnrin. Ẹni tó ń kà á ti mọ̀."

Òótọ́ ló sọ, n kò sì lè fi í sílẹ̀ kí n padà sórí ìwé mi. Láyé àtijọ́, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ fún "ta". Ní nǹkan bí ọdún 1920 ni akéwì Liu Bannong ń polongo pé kí wọ́n máa lo òmíràn fún obìnrin: wọ́n yọ àmì "ènìyàn" tó wà lápá òsì, wọ́n fi àmì "obìnrin" rọ́pò rẹ̀. Kí ló fà á? Wọ́n ń túmọ̀ ìwé àwọn Òyìnbó, wọ́n sì nílò ohun tí wọ́n máa fi gba "she" mọ́ra. Ẹnu kò yí padà, ọwọ́ nìkan ló yí. Nítorí náà Ṣáínà tó ń fetí gbọ́ eré yìí wà lórí òkè pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń fojú kà á ti mọ ohun tí wọn ò mọ̀.

Mo dé ibí láti sọ pé Yorùbá lè ṣe bí Ṣáínà. Ọmọ yìí ti jẹ́ kí n rí i pé ó lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. "Ó" tí a gbọ́ àti "ó" tí a kọ, ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá kà á ní Yorùbá yóò wà nínú òkùnkùn tí ẹni tó kọ eré náà fẹ́ kó wà.

Alága ti ń fi aago hàn mí, ẹ jẹ́ kí n sáré. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí "ben jun" tí olóyè máa ń sọ dípò "èmi", àti bó ṣe sábà máa ń gbé e jù sílẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ràn, bí àwa náà ṣe lè kúrò lórí "ẹ" bọ́ sórí "o". Ẹ lọ fetí sí i fúnra yín. Mo tún fẹ́ sọ pé "gugu" tí gbogbo Qingqiu, ilẹ̀ ìdílé Bai Qian, ń pè é, arábìnrin bàbá ni. Àwa náà máa pàdánù díẹ̀ níbẹ̀, nítorí "àǹtí" kò sọ ti bàbá. Paríparí rẹ̀, ní 2011, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Tanzania ti gbé eré ìdílé Ṣáínà kan tí wọ́n ti yí sí Swahili. Ọdún wo ni tiwa?

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn àti èmi ti fi ọjọ́ sí i: a máa jókòó túmọ̀ ibi Kunlun tààrà láti Ṣáínà, láìgba Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ohun kan ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Si Yin ni ìkẹtàdínlógún nínú àwọn ọmọ Mo Yuan, "Shiqi", Mẹ́tàdínlógún, ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń pè é tìfẹ́tìfẹ́. Ta ni yóò máa pariwo "Ìkẹtàdínlógún!" láti àgbàlá? Màmá kan tó jókòó lẹ́yìn dá wa lóhùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀: "Ṣebí òun ló dé kẹ́yìn? Ẹ máa pè é ní Kékeré." Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.